Ta ni ó yẹ kí a fún ní àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbé-ayé nínú ìmọ̀ èdè?

Akọ̀wé Kubwa béèrè:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹgbẹ́ kékeré kan wà níhìn-ín ní Àbújá tí mo jẹ́ akọ̀wé fún, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n ń kọ́ni ní èdè tàbí tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Bí a bá pé jọ tán, a kò tó ogójì, iṣẹ́ ìjọba sì ni púpọ̀ nínú wa ń ṣe láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí ó fi jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni a ń rí fi jókòó ti ìwé. Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, a fẹnu kò pé a óò máa fi àmì-ẹ̀yẹ dá onímọ̀ kan lọ́lá lọ́dọọdún, ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí èdè Yorùbá tàbí lórí èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní àríwá Nàìjíríà. Èmi ni wọ́n yàn láti kọ òfin tí a óò máa tẹ̀ lé. Mo ti kọ ọ́, mo sì ti pa á rẹ́, ó ti tó ìgbà márùn-ún.

Orúkọ ni ó kọ́kọ́ fún mi ní wàhálà. Ẹnìkan dábàá pé kí a pè é ní àmì-ẹ̀yẹ àṣekágbá. Mo mẹ́nu bà á fún olùkọ́ mi àtijọ́ kan tí ó ṣeé ṣe kí orúkọ òun náà wọ inú rẹ̀, bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ẹ ti bá mi parí iṣẹ́ mi ni?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi “àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbé-ayé” rọ́pò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tí ó sàn ju èyí lọ, mo ń gbọ́.

Èyí tí ó le jù ni ti ẹni tí ó tọ́ sí. Àwọn kan nínú wa ní kí a fi ọjọ́ orí sí i, pé kí ẹni náà ti pé ọmọ àádọ́rin ọdún, nítorí pé òfin ọdún 2012 ti sún ìfẹ̀yìntì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì sí 70. Àwọn mìíràn ní ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni kí a máa fún. Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ bàbá kan ní Bídà, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, tí ó ti ń kọ orúkọ ewé àti igi sílẹ̀ ní èdè Nupe, Yorùbá àti Hausa láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Kò tẹ ìwé kankan jáde rí. Inú ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé ni gbogbo rẹ̀ wà. Níbo ni kí a fi irú bàbá bẹ́ẹ̀ sí?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bá mi dá sí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ti kú, bóyá kí a máa fún wọn tàbí kí a má fún wọn. Ní ti owó, ẹgbẹ́ kò ní. Ẹnìkan ti ní kí a máa ta tábìlì níbi ayẹyẹ náà, kí ẹni tí a fẹ́ dá lọ́lá àti àwọn ẹbí rẹ̀ sì ra mẹ́ta àkọ́kọ́. Ara mi kò gbà á, ṣùgbọ́n n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú ìpàdé.

Afẹ̀yìntì Samaru dáhùn:

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Zaria ni mo ti kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó rí nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan irú ẹni tí ẹ ń wí yìí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí yín. Ní Maitama, ní òpópónà Aguiyi Ironsi, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Merit House. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó Nigerian National Order of Merit wà, èyí tí a máa ń gé kúrú sí NNOM. Òfin ọdún 1979 ni ó dá a sílẹ̀, fún àwọn tí iṣẹ́ wọn ta yọ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, àti ìmọ̀ tí ó jẹ mọ́ èdè, ìtàn àti àṣà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa á pọ̀ mọ́ àwọn oyè ìjọba bíi GCON, CFR, OFR àti OON tí Ààrẹ ń fi fún àwọn olóṣèlú, àwọn ọba àti àwọn oníṣòwò ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin ọdún 1964 ni ó gbé àwọn oyè wọ̀nyẹn kalẹ̀. Ní ti NNOM, àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú ni a ń pè kí wọ́n wá yẹ iṣẹ́ ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ wò, kí wọ́n sì sọ ohun tí ó fi kún ìmọ̀.

Chinua Achebe wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba NNOM, ní 1979. Kì í ṣe pé kò gba oyè ìjọba rí, nítorí ó gba OFR ní ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ fi CFR fún un ní 2004, ó kọ̀ ọ́ nítorí bí ìlú ṣe ń lọ. Wọ́n tún gbé e wá ní 2011, ó tún kọ̀ ọ́. Oyè tí ìjọba fi ń yẹ́ni sí, ènìyàn lè fi bá ìjọba jà. Ẹ̀yẹ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni fúnni lẹ́yìn tí wọ́n ti ka iṣẹ́ ẹni, ta ni a óò fi bá jà? Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni ogójì kò lè fúnni ní ọlá tí ìjọba ń fúnni, kò sì gbọdọ̀ gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí ó lè fúnni ni pé a ti ka iṣẹ́ rẹ.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ pa á rẹ́ kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àbújá, ṣé ẹ mọ̀ pé Akin Mabogunje, onímọ̀ jọ́gíráfì, wà lára àwọn tí wọ́n lọ yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ àti àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ wò nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn án fún olú-ìlú? Ní 1980 ni ó di ààrẹ International Geographical Union, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà, kò sì tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Bí ó bá jẹ́ òfin yín ni a ń lò, onímọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé ti fi ṣe olórí ni ì bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín fún ogún ọdún ó lé, kí ewú lè hù dáadáa. Òótọ́ ni pé ẹ̀yẹ a máa pẹ́ dé. Ọdún 2017, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 85, ni wọ́n fún Mabogunje kan náà ní Vautrin Lud ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì kà sí Nobel tiwọn. Ó gbà á, ó sì tún lo ọdún bíi márùn-ún kí ó tó kú ní 2022. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń rí irú ọdún márùn-ún bẹ́ẹ̀.

Dípò ọjọ́ orí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ìgbìmọ̀ yín máa bi ara rẹ̀: kí ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ yìí lónìí ń ṣe, tí wọn kì bá máa ṣe bí ẹni yìí kò bá sí? Mo fi ìmọ̀ èdè tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí gírámà Yorùbá jáde ní 1966. Ọládélé Awóbùlúyì, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìlọrin, gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1978, kò sì fara mọ́ ohun púpọ̀ nínú ti àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ gírámà Yorùbá tí kò ní láti mọ ohun tí àwọn méjèèjì wí, kí ó tó sọ tirẹ̀. Èyí ni mo ń pè ní iṣẹ́ ìgbé-ayé. Ẹni tí ó tẹ àpilẹ̀kọ àádọ́ta jáde kí ó lè gba ìgbéga, tí kò sí ẹni tí ó takò ó tàbí tí ó gbè é lẹ́yìn rí, iṣẹ́ oṣù ni ó ṣe, a sì ti san owó oṣù náà fún un.

N kò fara mọ́ fífún òkú. Láti 1974 ni òfin Nobel ti sọ pé a kò gbọ́dọ̀ yan ẹni tí ó ti kú. Nígbà tí wọ́n kéde orúkọ Ralph Steinman, onímọ̀ ìṣègùn, ní 2011, ọjọ́ mẹ́ta ni ó ti kú, ìgbìmọ̀ kò sì mọ̀. Wọ́n fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ fún un nítorí pé wọ́n rò pé ó wà láàyè nígbà tí wọ́n yàn án. Àwa náà ní òwe wa: ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Àwọn ènìyàn a máa pa òwe yẹn bí ẹni pé àṣẹ ni. Ẹ̀gàn ni. Fún àwọn tí wọ́n ti lọ, ẹ fi orúkọ wọn pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún yín.

Ìyá Gwarinpa dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá. Akọ̀wé, èmi yóò fi ti ìmọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín, kí n bá yín sọ ti tábìlì.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kọ lẹ́tà sí ọkọ mi. Bébà náà dára, òǹtẹ̀ wúrà wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti yàn án fún àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbé-ayé, nítorí iṣẹ́ takuntakun tí ó ti ṣe nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọkọ mi ń kọ́ni. Iṣu ni aláìsàn tí ó ń tọ́jú. Ní ojú ewé kejì ni a ti rí iye owó tábìlì kan, iye owó ojú ewé ìkíni-kú-oríire nínú ìwé ètò, àti owó àwo gíláàsì tí wọ́n óò kọ orúkọ rẹ̀ sí. Kò dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà kan náà dé sí èmi fúnra mi, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ rárá, wọ́n kàn fi orúkọ mi rọ́pò tirẹ̀ ni, èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ àkáǹtì.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ìpàdé, ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ wọn pé: kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín tiwa àti ti àwọn tó kọ lẹ́tà yẹn, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a ń yẹ́ sí ni yóò sanwó jíjókòó? Bí owó bá ti ń jáde láti àpò rẹ̀, ọjà ni ó rà. Ẹ̀yin ni ẹ óò tilẹ̀ fún bàbá Bídà yẹn ní owó ọkọ̀ tálọ-tábọ̀, ẹ óò sì wá ibi tí yóò sùn sí. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tí a dá lọ́lá, ẹbí rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀, yálà ṣáájú ayẹyẹ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi “lẹ́yìn rẹ̀” kún un nítorí pé mo mọ àwọn ènìyàn wa.

Kíláàsì iléèwé kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kò wọ́n. Omi tútù àti ìrẹsì kò wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì dẹ́rù bà yín.

Olùwádìí Minna dáhùn:

Ẹ kú àlàyé, sà. Ẹ kú àlàyé, mà. Èmi kéré nínú iṣẹ́ yìí, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe ìwádìí èdè, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mú àpẹẹrẹ kan wá láti ọ̀dọ̀ wa, lẹ́yìn náà kí n takò Bàbá díẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lórí èdè, Association for Computational Linguistics, dá àmì-ẹ̀yẹ irú èyí sílẹ̀ ní 2002, Aravind Joshi ni wọ́n sì kọ́kọ́ fún. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá gbà á yóò dìde níwájú àpéjọ, yóò sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n óò sì tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú jọ́nà ẹgbẹ́. Àwo lè fọ́, ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ jáde wà níbẹ̀ fún ẹni tí a kò tíì bí. Ẹgbẹ́ Akọ̀wé lè ṣe èyí láìná ju owó fóònù tí a ó fi gba ohùn sílẹ̀ lọ.

Ní 2004, Karen Spärck Jones ni wọ́n fún. Iṣẹ́ rẹ̀ tí a mọ̀ jù jáde ní 1972. Ó ní kí a máa wo iye ìwé tí ọ̀rọ̀ kan ti fara hàn. Bí ọ̀rọ̀ bá wà nínú gbogbo ìwé, bíi “ní” tàbí “àti”, kò lè sọ fún wa ohun tí ìwé kan dá lé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nínú ẹgbẹ̀rún ìwé, mẹ́ta péré ni a ti rí “ìjálá”, a ti mọ ìwé tí a óò ṣí. Èrò yìí wọ inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń rò pé òfin kan náà ni ó de àmì-ẹ̀yẹ. Ẹgbẹ́ tí ó ń fún ogún ènìyàn lọ́dún kan ti sọ tirẹ̀ di “àti”. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹnìkan lọ́dún, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú òfin pé bí a kò bá rí ẹni tí ó tọ́ sí i, ọdún náà yóò kọjá lófìfo.

Ibi tí mo ti fẹ́ takò Bàbá nìyí. Wọ́n ní kí a bi ara wa ohun tí iṣẹ́ ẹni náà ti yí padà. Ó dára, ṣùgbọ́n ọdún 32 ni ó wà láàárín àpilẹ̀kọ obìnrin yẹn àti àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní yinniyinni kí ẹni lè ṣe mìíràn. Nígbà wo ni ẹni ọgọ́rin ọdún yóò ṣe mìíràn? Àwọn onímọ̀ ìṣirò mọ èyí, wọ́n sì pín in sí méjì: àmì-ẹ̀yẹ Fields wà fún àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún, Abel ti ilẹ̀ Norway sì wà fún iṣẹ́ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Jean-Pierre Serre gba Fields ní 1954, ọmọ ọdún 27 ni. Nígbà tí Abel bẹ̀rẹ̀ ní 2003, òun kan náà ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ọdún 49 ni ó fi ṣe “mìíràn” náà. Ẹ wá fi ti John Nash wé e. Oslo ni ó ti gba Abel ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ní ẹni ọdún 86, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ bí wọ́n ti ń ti pápákọ̀ òfurufú bọ̀ wá sílé. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń kọ òfin ti àwọn àgbà, ẹ dá nǹkan kékeré sílẹ̀ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe owó dátà oṣù mẹ́fà.

Afẹ̀yìntì Samaru dáhùn:

Ọmọ Minna, o sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí a kọ́. Mo gba ti owó dátà. Ṣùgbọ́n ìwọ náà tún òwe yẹn wò. “Kí ẹni lè ṣe mìíràn” ni wọ́n wí. Wọn kò sọ pé ẹni tí a yìn nìkan ni yóò ṣe é. Bí a bá yin arúgbó kan ní gbangba nítorí pé ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ orúkọ ewé, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì ni à ń bá wí. Wọ́n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ni.

Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ bàbá náà, nítorí kò sí ẹni tí ó tíì dáhùn rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè Hausa tí R. C. Abraham gbé jáde ní 1949, orúkọ ẹni kejì wà lórí rẹ̀: Malam Mai Kano. Ní ọjọ́ òní, bí a bá dárúkọ ìwé náà, Abraham nìkan ni ọ̀pọ̀ ń dá. Mélòó ni àwọn Malam àti àwọn Bàbá tí orúkọ tiwọn kò tilẹ̀ dé ẹ̀yìn ìwé rárá, tí ó jẹ́ pé ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ ti jáde? Ìlànà “ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan” yóò máa ṣe irú àṣìṣe yìí lọ́dọọdún. Ẹ kọ “ẹnikẹ́ni” sínú òfin yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àánú fún un o. Ẹ kọ́kọ́ ka iṣẹ́ náà. Bí orúkọ ewé tí ó kọ bá jẹ́ àdàkọ láti inú ìwé ẹlòmíràn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Akọ̀wé Kubwa dáhùn:

Ẹ ṣeun, Bàbá; ẹ ṣeun, mà; ìwọ Olùwádìí náà, o ṣeun. Mo ti kọ ọ́ báyìí: ẹnikẹ́ni, láìka ipò tàbí ọjọ́ orí sí, ẹni tí ó wà láàyè, ẹnìkan lọ́dún tàbí kí ó má sí rárá, ẹnì méjì tí wọn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa ni yóò ka iṣẹ́ náà, tí wọn óò kọ ojú ewé méjì lórí ohun tí ó fi kún ìmọ̀, ẹni tí a dá lọ́lá yóò sọ̀rọ̀, a óò sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, kò sí kọ́bọ̀ tí yóò ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Ti àwọn ọ̀dọ́ ṣì di ọwọ́ ìpàdé.

Ìṣòro kan ni ó kù. Mo pe bàbá náà lórí fóònù ní àárọ̀ yìí. Ìwé ìkọ̀wé náà jẹ́ mọ́kànlá, ó gbà kí a ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan bí a bá wá sí ilé rẹ̀. Ẹni tí yóò ka apá Yorùbá wà, ẹni tí yóò ka ti Hausa wà. Ti Nupe ni a kò rí.

Ìyá Gwarinpa dáhùn:

Bídà ni wọ́n ti bí ìyá mi, èdè náà sì wà lẹ́nu mi dáadáa. Kíkà rẹ̀ ni mo máa ń fà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ wo ni ẹ ń lọ? Mo ní ọkọ̀.